Ohùn Tó Kúrò Ní Pálọ̀

Bí ọyẹ́ bá mú ní Ṣakí, ìlú a máa dà bí ohun tí ènìyàn ń lá lálàá. Àwọn òkè tó yí wa ká á pòórá sínú eruku funfun, oòrùn á rọra yọ bí ẹyin tí wọ́n fi òwú wé, ohùn àwọn tó ń lọ sóko á sì máa dún bí ẹni pé abẹ́ omi ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni sípíkà ilé Alàájì Kàdírì kọ́kọ́ dákẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Sodiqat ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Sípíkà yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kó lọ sóde ìnáwó. Kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ, aṣọ aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi bò ó lára. A kì í fọwọ́ kàn án kó tó ṣiṣẹ́. A ó kàn pè é lórúkọ ni. Bí ènìyàn bá ti ní, "Nóra," òrùka iná búlúù á tàn yí orí rẹ̀ ká, á sì jẹ́. Tàófíìkì, àfẹ́sọ́nà Sodiqat, ló gbé e wá láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó wálé wá ṣọdún Iléyá, òun náà ló sì gbé àpótí wáífáì sí igun pálọ̀. Láti ọ̀hún, ó lè gba inú sípíkà náà bá wọn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé fóònù sétí. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ á kàn jáde láàárín pálọ̀ pé, "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará ilé." Ìyá Ṣùkúrù, ìyá Sodiqat, á yára tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni pé àna rẹ̀ ń rí i.

Alàájì fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè ka Kùránì mọ́. Nóra ló ń bá a ké e. Ṣùgbọ́n ẹni tí sípíkà náà jẹ lógún jù ni Sodiqat. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń ṣe òrí lẹ́yìnkùlé. Bó bá ń po òrí lọ́wọ́, tí ohùn Tàófíìkì bá dún, ọwọ́ rẹ̀ á dúró sínú agbada. Ọdún méjì ni wọ́n ti mọra. Ẹbí méjèèjì ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n sì ti fi ìgbéyàwó sí Iléyá tó ń bọ̀. Ohùn ló pọ̀ nínú ìfẹ́ wọn. Ìgbà mìíràn wà tí Sodiqat á fẹ́ rántí ojú Tàófíìkì, òrùka iná búlúù ló máa ń rí.

Ní àárọ̀ ọyẹ́ yẹn, Ìyá Ṣùkúrù pe Nóra, pe Nóra, títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ.

"Nóra! Nóra o! Ṣé kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí?"

Nóra kò dáhùn. Iná pupa kan ló wà lórí rẹ̀ tó ń wò wọ́n ràn-ìn.

"Bóyá òtútù mú un," Alàájì wí.

Sodiqat wọ sálúbàtà, ó gba ọ̀nà gáréèjì lọ pe Ládòkun.

Ọmọ Ìwéré-Ilé ni Ládòkun. Ṣakí ló ti ka ẹ̀kọ́ iná mànàmáná jáde, kò sì padà sílé mọ́. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí gáréèjì, ó ń tún fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti sólà ṣe. Ẹ̀ńjíníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá sọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ ni.

Ó wọ pálọ̀ Alàájì, ó dọ̀bálẹ̀, ó wá jókòó ti sípíkà náà bí ẹni tó wá bẹ aláìsàn wò.

"Ìgbà wo ló ti dákẹ́?"

"Òwúrọ̀ yìí ni," Sodiqat wí.

"Ṣé iná wà lánàá?"

"Ó wà."

"Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

Ìyá Ṣùkúrù wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀. "Èmi kàn fi aṣọ nu eruku orí rẹ̀ ni," ó ní. "Ṣé ẹ fẹ́ kí eruku bò ó mọ́lẹ̀ ni?"

Ládòkun rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na ìka kan, ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lórí sípíkà náà. Iná pupa kú. "Mà, etí rẹ̀ lẹ dí. Bọ́tìnnì yìí ni wọ́n fi ń dí i létí bí wọn ò bá fẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Kò yadi, adití lẹ sọ ọ́ dà."

Alàájì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ìyá Ṣùkúrù náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bu omi fún àlejò.

Sodiqat sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Eruku ọyẹ́ ti bo irun orí Ládòkun níbi tó dúró sí, ó dà bí ẹni tó hewú láìtọ́jọ́.

"Ẹ̀ńjíníà, ṣé gbogbo ohun tó bá ti dákẹ́ náà lẹ máa ń bi léèrè bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Nǹkan kì í dákẹ́ láìnídìí," ó ní. "Èyí tó rọrùn jù la kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, a ó wá lọ síbi tó le."

Ó kọjú sọ́nà, eruku funfun sì gbé e mì. Sodiqat dúró níbẹ̀ díẹ̀ sí i, kò mọ ohun tó ń wò.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ooru ti dé, kí wọ́n tó tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí Nóra ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń wí ṣáá, pé òun ò rí ọ̀nà jáde sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ládòkun yẹ iná wò, ó yẹ wáyà wò, ó bi wọ́n bóyá dátà ṣì wà. Níkẹyìn ó wá àpótí wáífáì náà káàkiri pálọ̀, ó bá a lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ abọ́ irin mẹ́rin tó kún fún òrí. Ìyá Ṣùkúrù ló gbé e síbẹ̀ nítorí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá kí Alàájì.

"Abọ́ irin yìí ló dí i lẹ́nu," Ládòkun wí. Ó gbé àpótí náà sójú fèrèsé. Wọ́n ń dúró kó gbéra. Ìyá àti bàbá wà lẹ́yìnkùlé, òun àti Sodiqat nìkan ló wà ní pálọ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òórùn òrí tútù gba gbogbo inú ilé. Níta, ooru ń mi lórí páànù àwọn ilé bí omi.

"Ṣé wọ́n ń ṣe òrí ní Ìwéré?" Sodiqat bi í.

"Díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni tiwa. Gàárì ni ìyá mi ń dín. Bí mo bá ti jí láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òórùn gàárì ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́." Ó nawọ́ sí sípíkà náà. "Ẹ pè é wò."

"Nóra," Sodiqat wí.

Òrùka búlúù tàn. Nóra jẹ́.

Ó yẹ kí inú Sodiqat dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí Tàófíìkì ti sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ gbẹ̀yìn," ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo rò pé ẹ̀rọ ló ṣe é."

Ládòkun ń ká wáyà, ó ká a tán, ó tún tú u, ó tún un ká. Bó ṣe ń padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá ọkàn ara rẹ̀ wí: *Ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni ni. Wọ́n pè ọ́ wá tún ẹ̀rọ ṣe ni.* Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bó bá jókòó ti iṣẹ́ lọ́sàn-án, á dédé gbọ́ òórùn òrí níbi tí kò sí òrí rárá.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù ààwẹ̀ ni Nóra tún dákẹ́. Òrùka iná rẹ̀ kì í ṣe búlúù mọ́, kì í sì í ṣe pupa. Àwọ̀ ọsàn ni, ó sì ń yí, ó ń yí, kò dúró.

Ládòkun bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ó yọ ọ́ lára iná, ó ka ọgbọ̀n, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó pa wáífáì, ó tan án. Ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ pẹ́. Ó pààrọ̀ ṣájà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò gbà, ó fi fóònù tirẹ̀ yẹ inú ẹ̀rọ náà wò, ohun tó sì rí mú kí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀rọ náà kò ṣe nǹkan kan. Kò sí lábẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ni. Ẹni tó ni ín ti yọ ọ́ kúrò láti ọ̀nà jíjìn.

"Kí ló ṣe é, Ẹ̀ńjíníà?" Ìyá Ṣùkúrù ti dúró lé e lórí.

"Ó fẹ́ kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́tun ni, Mà."

"Ṣebí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ. Fi orúkọ tìrẹ sílẹ̀! Kó ṣáà ti fọhùn. Alàájì ò tíì gbọ́ Kùránì láti àná."

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà á. Nóra á jẹ́, Alàájì á gbọ́ Kùránì rẹ̀, Ìyá Ṣùkúrù á súre fún un. Sodiqat á máa jókòó ti sípíkà náà lójoojúmọ́, á máa retí ẹni tó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òun Ládòkun nìkan ni yóò mọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Sodiqat lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, òrí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń wò ó.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́ta ni sípíkà náà fi wà lórí tábìlì rẹ̀. Bí Sodiqat bá pe fóònù rẹ̀, kò gbé e. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, *Bí mo bá sọ, wọ́n á ní nítorí pé mo fẹ́ ẹ ni. Wọn ò sì ní purọ́.* Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun alásárì, òjìji kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Sodiqat ni, nínú híjáàbù aláwọ̀ sánmà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, Ládòkun kò sì rí ojú rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ̀ńjíníà, kí ló dé tí ẹ̀ ń sá fún mi?"

"Mi ò sá."

"Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹrin lánàá."

Ó gbé àpótí fún un pé kó jókòó. Kò jókòó.

"Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́," Ládòkun wí. "Nǹkan kan ò ṣe é. Ẹni tó ni ín ló yọ ọ́ kúrò lábẹ́ orúkọ rẹ̀, láti Lọ́ńdọ̀nù."

"Bóyá ó ṣèèṣì ni."

"Kì í ṣèèṣì. Bí ènìyàn bá fẹ́ yọ ọ́, á béèrè pé ṣé ó dá ọ lójú. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì."

Sodiqat di férémù ilẹ̀kùn mú. "Bóyá ó ra fóònù tuntun."

"Ó ṣeé ṣe. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, mi ò sì fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ sọ fún mi nìkan ni mo mọ̀. Ẹ bi í léèrè."

Ní gáréèjì, ọmọ ẹ̀yìn awakọ̀ kan ń pe èrò Ìgbẹ́tì.

"Ṣé inú yín dùn?" Sodiqat béèrè lójijì.

Ládòkun wolẹ̀. "Ó yẹ kó dùn," ó ní. "Kò dùn."

Sodiqat gbọ́ ohun tó wí, ó sì gbọ́ ohun tí kò wí. Ó gbé sípíkà náà sábẹ́ híjáàbù rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó jáde lọ.

Sodiqat ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ṣùkúrù dé ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ariwo. "Ìwọ lo bà á jẹ́! Kí o tó fọwọ́ kàn án, ó ń fọhùn! Ojú ọmọ mi lò ń wò, ìwọ ọmọ Ìwéré yìí, mo ti rí ọ tipẹ́! O fẹ́ da ilé ọkọ rẹ̀ rú!" Àwọn ará gáréèjì pé jọ. Ládòkun dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà," kò sì sọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kì í ṣe ènìyàn díẹ̀ ni kò gbé iṣẹ́ wá bá a mọ́.

Sodiqat dúró di ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ lọ kírun. Ó jókòó sẹ́yìnkùlé lábẹ́ igi máńgòrò, ó pe Tàófíìkì. Tàófíìkì gbé e, ó ń sáré sọ̀rọ̀: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, iṣẹ́ ni, òtútù ni.

"Mo gbọ́ pé kí ènìyàn tó yọ Nóra kúrò, ẹ̀rọ á béèrè pé ṣé ó dá ọ lójú," Sodiqat dá a lẹ́nu. "Lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, mo lè gbà pé o ṣèèṣì. Ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́, Tàófíìkì?"

Ohùn tó máa ń kún pálọ̀ wá dákẹ́. Nígbà tó padà, ó ti kéré. Ó ní òun ti gbé ìyàwó ní ọ̀hún láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Obìnrin náà ló rí sípíkà náà lórí fóònù òun, níbi tí òun kọ "Ilé Sodiqat" sí, ó ní kí òun yọ ọ́ kúrò níṣojú rẹ̀. Òun ti ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́. Kí Sodiqat jọ̀wọ́.

Sodiqat gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì pa fóònù. Kò sunkún nígbà yẹn. Ó wo àwọn òdòdó máńgòrò tó ń já bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ara ẹlòmíràn ni wọ́n ń bọ́ sí. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, nígbà tó ń fọ abọ́ Alàájì, ni ẹkún gbé e.

Lẹ́yìn Ìtunu Ààwẹ̀, Alàájì Kàdírì ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ padà fún àwọn òbí Tàófíìkì, sípíkà àti àpótí wáífáì náà pẹ̀lú. Ìyá Ṣùkúrù kò jáde sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Sodiqat di ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àdùkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ní Àgọ́-Àrẹ.

Òjò ti ń rọ̀ déédéé nígbà yẹn. Ibi tí èso èmì, èso tí wọ́n ń fi ṣe òrí, pọ̀ sí ni ẹ̀yìn Àgọ́-Àrẹ. Kí oòrùn tó yọ ni Sodiqat àti Ìyá Àdùkẹ́ á ti wà nínú pápá, wọ́n á máa ṣa èyí tó já bọ́ sílẹ̀ mọ́jú. Ìkùukùu á wà nílẹ̀, á bo koríko dé orúnkún. Igi kọ̀ọ̀kan á yọ orí síta bí àgbà tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, Sodiqat gbé orí sókè, ó rí ọkùnrin gíga kan tó ń bọ̀ nínú ìkùukùu náà, àpò irinṣẹ́ léjìká. Ó rò pé ojú òun ló ń tan òun jẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kí i.

"Ẹ kú àárọ̀. Wọ́n ní kí n wá tún ẹ̀rọ omi sólà yín ṣe. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbí."

"Mo wà níbí," Sodiqat wí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo bi í léèrè."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò sì wá wí pé ẹ ti sọ fún mi."

"Kí ni màá fi ṣe?" Ládòkun wí. Ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó lósòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa èmì sínú agbọ̀n. Wọn ò sọ̀rọ̀ mìíràn títí oòrùn fi yọ, kò sì sí èyí tó ni wọ́n lára nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà.

Ó tún wá ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, pé òun fẹ́ yẹ páànẹ́lì wò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wáyà ni. Wọ́n á rìn nínú pápá lẹ́yìn iṣẹ́, Sodiqat á máa sọ fún un nípa bí ilé ṣe dákẹ́ lẹ́yìn Nóra, bí òun ṣe rò pé ohùn lòun ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó bẹ̀rù ara rẹ̀. Ó ní lọ́kàn rẹ̀, *Ṣé kì í ṣe pé mo kàn ń wá ibi tí màá fara tì?* Ní ìrọ̀lẹ́ kan, òjò ká wọn mọ́ abẹ́ igi èmì ńlá kan. Ládòkun bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀, ó nà án lé e lórí.

"Omi ń bọ́ sí ọ lójú," ó ní.

Sodiqat gbọ́ "ọ" náà. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" ni Ládòkun ń bá a sọ, bí oníbàárà. Ládòkun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì fẹ́ tọrọ àforíjì.

"Má tún un ṣe," Sodiqat wí. "Bẹ́ẹ̀ ni kó wà."

Ìyá Àdùkẹ́ kò fọ́jú. Nígbà tí Ládòkun wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó bá a tí obìnrin arúgbó náà jókòó ti ẹ̀rọ omi, ó ń dúró dè é.

"Ẹ̀ńjíníà, ẹ̀rọ omi wa ti sàn láti oṣù tó kọjá. Omi ń dà bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Kí lo tún wá tún ṣe lónìí?"

Ládòkun dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀, Mà. Ẹ bá mi dé Ṣakí. Mi ò lẹ́nu níbẹ̀ mọ́."

"Sodiqat ńkọ́?"

"Ẹ bi í, Mà. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu."

Wọ́n pe Sodiqat. Ó wo ọkùnrin tó wà nínú ẹrẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá wa lọ, Mà." Bí Ìyá Àdùkẹ́ ṣe di alárinà nìyẹn.

Ọjọ́ tó dé Ṣakí, ó jẹun, ó sinmi, kó tó wá la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìyá Ṣùkúrù fi ọwọ́ bojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò kórìíra ọmọ náà. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó rí ìtìjú wa. Ó mọ̀ kí èmi ìyá tó mọ̀. Bó bá ń wọlé wá bí àna, ìtìjú yẹn náà á máa bá a wọlé. Báwo ni màá ṣe máa wojú rẹ̀?"

Alàájì Kàdírì, tí wọ́n rò pé ó ti sùn lórí àga, lanu sọ̀rọ̀. "Nígbà yẹn, gbogbo wa là ń tan ara wa nínú pálọ̀ yìí. Èmi ń gbọ́ Kùránì, ìwọ ń tún gèlè wé, ọmọ ń retí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé tó sọ òótọ́ fún wa, òun la lé jáde."

Ìyá Ṣùkúrù mú ọwọ́ kúrò lójú, ó ní, "Màá kọ́kọ́ mọ ilé tó ti wá. A kì í fi ojú fo ìwádìí nítorí pé ọ̀rọ̀ dùn létí."

Òun nìkan ló wọ mọ́tò lọ sí Ìwéré-Ilé, ní ọjọ́ ọjà wọn. Ó béèrè ilé bàbá Ládòkun, wọ́n ní kó gun ọ̀kadà, kò jìnnà. Ẹ̀yìnkùlé ló bá obìnrin kan tó sanra, tó ń dín gàárì nídìí iná, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ìyá Débọ́lá ni wọ́n ń pè é, nítorí Débọ́lá ni àkọ́bí rẹ̀; Ládòkun ló tẹ̀lé e. Ìyá Ṣùkúrù kò dárúkọ ara rẹ̀. Ó ní gàárì lòun fẹ́ rà.

"Ẹ jókòó. Èyí á jiná láìpẹ́," Ìyá Débọ́lá wí. Ó bu gàárì gbígbóná díẹ̀ sí i lọ́wọ́ pé kó tọ́ ọ wò.

Wọ́n sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Ìyá Ṣùkúrù wá rọra béèrè pé ọmọ mélòó ló bí, ṣé gbogbo wọn ti níyàwó lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Ládòkun nìkan ló kù," Ìyá Débọ́lá wí, ó ń fi igbá ro gàárì. "Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ń kọ mí lóminú. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ó wá síbí, ó jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní, 'Ìyá, mo sọ òótọ́ fún ẹnì kan, òótọ́ náà sì pa á lẹ́kún.' Ó ní ìyá ọmọ náà wá bú òun láàárín gáréèjì, lójú gbogbo ayé."

Gàárì ti dúró lọ́wọ́ Ìyá Ṣùkúrù. "Ó bínú sí ìyá náà, àbí?"

"Kò bínú o! Ó ní bí òun bá jẹ́ ìyá ni, bẹ́ẹ̀ náà lòun ì bá ṣe. Èmi ni mo bínú. Ọmọ tí mo bí, kí wọ́n máa bú u bí olè! Mo ní bí mo bá fojú kan obìnrin náà, ó máa gbọ́ tẹnu mi."

"Kí lẹ máa ṣe fún un?"

Ìyá Débọ́lá dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ó rẹ́rìn-ín. "Tóò, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ó ṣeé ṣe kí n kàn ní kó jókòó. Ọ̀rọ̀ ọmọ kò sí ibi tí kì í gbé abiyamọ dé."

Ìyá Ṣùkúrù dìde, ó gba igbá lọ́wọ́ Ìyá Débọ́lá, ó ní kó sinmi díẹ̀, ó sì bá a ro gàárì náà títí ó fi gbẹ.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó padà dé Ṣakí. Sodiqat, tó ti padà sílé, gbé omi fún un, ó kúnlẹ̀. Ìyá mu omi náà tán. Ó gbé àpò gàárì sílẹ̀ sáàárín wọn.

"Lọ dà á síbi tí kò ti ní gba atẹ́gùn," ó ní. Lẹ́yìn náà, láìwo ojú ọmọ rẹ̀: "Ìyá ọkọ rẹ mọ gàárì í dín."

Sodiqat gbọ́ ọ, kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìyá ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Alàájì bi wọ́n láti pálọ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni àwọn ará Ìwéré-Ilé wá tọrọ ọmọ. Ìyá Débọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, aṣọ rẹ̀ ń dán, Ládòkun ń tẹ̀lé e bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni òun ń tẹ̀. Ìyá Ṣùkúrù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin méjèèjì rí ara wọn, Ìyá Débọ́lá sì dúró lójú kan.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ wá ra gàárì?"

"Èmi ni," Ìyá Ṣùkúrù wí.

"Ẹ̀yin náà lẹ..."

"Èmi náà ni. Ẹ ní bí ẹ bá fojú kan mi, màá gbọ́ tẹnu yín. Mo ti ń dúró láti òwúrọ̀."

Ládòkun di ojú. Ìyá Débọ́lá wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ilé, ó wo Sodiqat tó ń yọjú lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá na ọwọ́, ó di ọwọ́ Ìyá Ṣùkúrù mú ṣinṣin.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé jókòó," ó ní.